Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Ọ̀rọ̀

Aago mọ́kànlá ti lù ní Adó.
Iná ọba ti lọ láti ọ̀sán,
àwọn òkè tó yí wa ká ti fi òkùnkùn bora,
kọ̀ǹpútà mi sì ń kìlọ̀ pé òun fẹ́ dákú.
Wọ́n ní kí n fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ sọ
ìdí tí mo fi fẹ́ gboyè kejì
nínú ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́.
Mo ti kọ mẹ́sàn-án.
Mo ti pa méje rẹ́.

Bàámi pè láti Ìjerò nírọ̀lẹ́.
"Ulé ùwé mìíràn? Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?
Ẹ̀gbọ́n rẹ ka ìṣègùn, àbúrò rẹ ń ka òfin,
ìwọ fẹ́ lọ ka bí wọ́n ṣe ń pín bẹ́ẹ̀dì?
Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún ò níyàá ni?"
Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà níwájú mi.
Ti Ìbàdàn kò jìnnà, owó rẹ̀ kò wọ́n,
àmọ́ abẹ́ ìṣàkóso ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi iṣẹ́ mi sí,
bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ àárín àgùntàn.
Ti Ìlọrin, mo kọ̀wé sí olùkọ́ kan níbẹ̀,
oṣù méjì rèé, mo ṣì ń retí èsì.
Ẹ̀kẹta wà lókè òkun,
níbi tí yìnyín ti ń já bọ́ bí òwú àràbà.
Àwọn ló pe iṣẹ́ náà lórúkọ rẹ̀ gan-an.
Wọ́n ní bí mo bá lè bójú tó ilé àwọn ọmọ ọdún kìíní,
àwọn ò ní gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi.
Ṣùgbọ́n owó fọ́ọ̀mù wọn nìkan,
owó oṣù mi kan àtààbọ̀ ni.

Ìyáàfin Fásùbàá, tó fẹ́ bá mi kọ lẹ́tà ẹ̀rí,
bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní:
"Má wo bí géètì wọn ṣe ga.
Wá àwọn tó ti jáde níbẹ̀ kàn, kí o bi wọ́n:
ta ló kọ́ yín?
Nígbà tó rẹ̀ yín, ta ló rí i?"

Ó rẹ̀ mí báyìí.
Mo rántí Jọláadé, ọmọ Ọ̀mùò,
tó kanlẹ̀kùn mi láago méjì òru,
bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kejì kò sí.
Orí fóònù ni wọ́n ti sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti lọ.
Ìdánwò rẹ̀ di ọ̀la.
N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.
Mo po gàrí. A jọ mu ún.
A ò sọ̀rọ̀ títí àkùkọ fi kọ.
Ṣé ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn?
Títí dòní, mi ò mọ̀.
Ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, tòun ti bàtà.
Mo kà á. Ó dùn. Ó dùn jù.
Mo pa á rẹ́:
ikú bàbá ọlọ́mọ kì í ṣe àtẹ̀gùn
tí mo máa gùn wọ ọkọ̀ òfurufú.

Mo wá tẹ̀ ẹ́ báyìí pé:
*Mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn.*
Ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dín márùn-ún.
Kọ̀ǹpútà sì kú.

Nínú òkùnkùn, kò! kò! kò!
"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,
kọ́kọ́rọ́ mi ló já sínú kànga."